Ta Ni Ó Ni Ìmọ̀ Ewé?

Ẹni tí ó bá wọ ọjà Mont-Bouët ní Libreville, olú-ìlú Gàbọ̀n, yóò bá àwọn tí wọ́n to èèpo igi, gbòǹgbò àti ewé kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn lẹ́kulẹ́ja wa ti ń ṣe ní ọjà Bódè ní Ìbàdàn. Ìtàn ọ̀kan nínú àwọn igbó egbòogi wọn yẹ kí ó kọ àwa Yorùbá lọ́gbọ́n.

Igi kékeré ni ìbógà, abẹ́ àwọn igi ńlá ni ó ń hù. Èèpo gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn Mitsogo àti Apindji ń jẹ nígbà tí wọ́n bá ń gba ènìyàn wọ inú awo Bwiti. Lọ́wọ́ wọn ni àwọn Fang ti gbà á. Ọdẹ a sì máa jẹ díẹ̀ kí oorun má baà gbé e. Láti 1939 títí di nǹkan bí 1970, àwọn Faransé ń ta oògùn oníhóró kan tí wọ́n fi igi tí ó bá ìbógà tan ṣe. Orúkọ Lambaréné, ìlú kan ní Gàbọ̀n, ni wọ́n sì fi pè é! Ní 1962 ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Howard Lotsof, ṣàkíyèsí pé èròjà inú ìbógà mú kí heroin má wù ú mọ́. Ní 1985 ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ olùṣàwárí. Orúkọ tirẹ̀ nìkan ni ó wà níbẹ̀.

(Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń polówó ìbógà. Ó lè da ìlù ọkàn rú, ó sì ti pa ènìyàn.)

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ewé Gàbọ̀n ti wà nínú ìwé kí Lotsof tó dé ìdí rẹ̀. André Raponda-Walker, ọmọ Mpongwe níhà ìyá, ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Gàbọ̀n tí a fi jẹ àlùfáà Kátólíìkì, ní 1899, ni ó kó orúkọ àti ìlò àwọn ewé jọ ní èdè àwọn ẹ̀yà ilẹ̀ rẹ̀. Òun àti Roger Sillans tẹ ìwé wọn, Les plantes utiles du Gabon, jáde ní 1961, ọdún kan lẹ́yìn òmìnira. Bàbá náà ti tó nǹkan bí ẹni 90 ọdún nígbà náà. Lóòótọ́, ìwé náà kò dá àṣẹ 1985 dúró. Ìwé kì í ṣe ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni. Ní 2000 ìjọba Gàbọ̀n kéde pé ogún orílẹ̀-èdè ni ìbógà, ní 2019 wọ́n sì dá kíkó rẹ̀ lọ sí òkèèrè dúró.

Àwa ńkọ́? Mọ̀lẹ́bí ìbógà ni asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn oníṣègùn wa ti fi ń tọ́jú alárùn ọpọlọ láti ayé àwọn baba wa. Orúkọ rẹ̀ gan-an ẹ̀kọ́ ni: ọmọ tí ó bá lè pè é ti mọ̀ pé ẹyẹ ni ó ń jẹ èso rẹ̀. A kò sì ṣàìní ìwé. Pierre Verger tẹ Àwọn Ewé Ọ̀sanyìn jáde ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1967; Z. O. Gbile kó orúkọ igi àti ewé jọ ní èdè Yorùbá ní Ìbàdàn ní 1984. Ìwé Ewé ti Verger, tí ó tóbi jùlọ, Brazil ni ó ti jáde ní 1995, èdè Potogí ni a sì fi ṣe àlàyé rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, èwo nínú wọn ni ó wà nínú àpótí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ yín?

Ohun tí a ń bèèrè kò ju owó ìwé ìkọ̀wé kan lọ. Kí ọmọ kíláàsì karùn-ún kọ̀ọ̀kan gba orúkọ ewé mẹ́wàá lẹ́nu àgbà ilé rẹ̀, kí ó kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, ìlò rẹ̀, abúlé àti ọjọ́, kí ó sì lẹ ewé gbígbẹ mọ́ ọn. Orúkọ àgbà tí ó sọ ọ́ ni kí a kọ sí orí ìwé náà, kì í ṣe ti olùkọ́, kì í sì í ṣe ti àwa oníwèé ìròyìn.