Irọ́ tó wà nínú "Zanzibar owó pọ́ọ́kú"

Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Fídíò ni èmi náà ń ṣe jẹun, torí náà kẹ́nikẹ́ni má sọ pé ìlara ló ń dà mí láàmú. Ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fojú àwọn ọmọ Nàìjíríà rí lórí ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ erékùṣù yìí ló ti sú mi.

Ẹ mọ fídíò tí mò ń sọ. Omi aláwọ̀ búlúù, ọmọge kan wọ aṣọ funfun, ó jókòó sórí jangirọ́fà inú òkun, wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà sórí ẹ̀ pé owó táṣẹ́rẹ́ lòun fi ṣe ọjọ́ márùn-ún ní Zanzibar. Nọ́ńbà èjẹ́ńtì wà nísàlẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ bá pe èjẹ́ńtì lẹ máa tó gbọ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ò sí nínú owó yẹn.

Tíkẹ́ẹ̀tì ò sí nínú ẹ̀! Ṣé ká lúwẹ̀ẹ́ láti Èkó débẹ̀ ni?

Etíkun Tanzania ni Zanzibar wà, lórí Òkun Íńdíà, lápá ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ìwọ̀-oòrùn ni Èkó wà. Bó ti wù kẹ́ ẹ ṣe é, ilẹ̀ Áfíríkà lẹ máa gé já láti etí kan dé èkejì. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ń gba Addis Ababa pẹ̀lú Ethiopian Airlines, àwọn míì ń gba Nairobi pẹ̀lú Kenya Airways. Fún ẹni tó ń ti Nàìjíríà lọ tó sì fẹ́ ṣọ́ owó ná, ọkọ̀ òfuurufú yìí ló ń jẹ owó jù. Hòtẹ́ẹ̀lì kọ́, oúnjẹ kọ́. Ohun tí wọ́n wá fi pa mọ́ nìyẹn o, ohun tó wọ́n jù.

Kẹ́ ẹ tó fẹsẹ̀ kan iyanrìn, owó méjì kan tún wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ san. Físà Tanzania, 50 dọ́là. Ìnṣọ́ráǹsì tí ìjọba Zanzibar sọ di dandan fún àlejò láti oṣù kẹwàá 2024, 44 dọ́là. (Èyí tẹ́ ẹ rà sílẹ̀ ní Nàìjíríà ò lè rọ́pò ẹ̀, tiwọn lẹ máa rà.) Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 94 dọ́là. Ká ṣírò dọ́là kan ní ₦1,500, ó di ₦141,000.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e síbi tí ojú ti lè rí i. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin Nàìjíríà là kalẹ̀ ní 2024 ni ₦70,000. Aláwíì kọ́pà jẹ́ ₦77,000. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù yẹn máa ṣiṣẹ́ oṣù méjì gbáko, láìjẹ láìmu, láìwọ bọ́ọ̀sì, owó náà ò sì tíì ní tó físà àti ìnṣọ́ráǹsì nìkan. Kò tíì wọ ọkọ̀. Kò tíì rí ibi sùn. Kò tíì mu omi àgbọn kankan. Ẹ wá ní owó pọ́ọ́kú.

Ọjọ́ orí àwọn fídíò yìí náà tún ń kọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, dọ́là kan ò tó ₦500 ní báńkì. Nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó lọ ní 2022 tó sọ iye tó ná, kò parọ́ nígbà yẹn. Ìgbà tó tún gbé fídíò kan náà jáde, tó ṣe bí ẹni pé àná ló dé, tí kò yí náírà kan padà nínú ẹ̀, ibẹ̀ ló ti di irọ́.

Èjẹ́ńtì kan, mi ò ní dárúkọ, ti fi owó lọ̀ mí rí pé kí n ṣe irú ẹ̀. Mo bi í pé, iye tẹ́ ẹ kọ yìí, ṣé tíkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀? Ó ní kí n ṣáà má mẹ́nu ba tíkẹ́ẹ̀tì, pé tí wọ́n bá ti san àkọ́san, wọn ò ní lè padà sẹ́yìn mọ́.

Ẹ tún un kà. Gbogbo òwò wọn nìyẹn. Àkọ́san tí wọn kì í dá padà ni wọ́n ń tà, Zanzibar kọ́. Mi ò gba iṣẹ́ náà, ẹlòmíì gbà á, mo rí fídíò ẹ̀, èèyàn ti wò ó lọ súà.

Ẹni tó bá sì ti san àkọ́san, ìyókù ló kù tó ń wá kiri. Àwọn áàpù ẹ̀yáwó ń dúró dè é lójú ọ̀nà. Ẹ ò kúkú ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ wọ́n. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni wọ́n fi ń yá ẹ lówó, ṣùgbọ́n tó bá yá, wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá ẹ, sí ọ̀gá ẹ níbi iṣẹ́, àti sí ẹni tẹ́ ẹ jọ jáde girama tẹ́ ò tíì bára yín sọ̀rọ̀ láti ìgbà yẹn, pé olè ni ẹ́. Ẹni tó yáwó sanwó ilé ìwòsàn, mo gbọ́ tiẹ̀. Torí jangirọ́fà inú omi? Háà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń tẹ èsì lọ́wọ́: ṣé ọmọ tálákà ò gbọdọ̀ ṣe fàájì ni? Ẹ jọ̀ọ́, kó ṣe é! Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Zanzibar ṣeé lọ fún ẹni tí kì í ṣe olówó, tó bá rọra ṣètò ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń pariwo ẹ̀ kì í sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí kò sí kọmíṣọ̀n nínú ọ̀nà yẹn.

Iye tíkẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kẹ́ ẹ wò ó fún oṣù mẹ́rin márùn-ún síwájú. Ẹ má tíì rà á. Tí iye yẹn nìkan bá ti ju ohun tẹ́ ẹ lè kó jọ láìyáwó, ọ̀rọ̀ ti parí fún ọdún yìí, ẹ má wulẹ̀ wo hòtẹ́ẹ̀lì kankan, ojúkòkòrò ló máa dá sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ohun tí ọwọ́ lè tó, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mẹ́rin, ẹ dá àjọ. Àjọ táwọn ìyá wa fi ń ra ọjà náà ni. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa béèrè físà, lójú òpó ìjọba Tanzania fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ sì dúró kó jáde kẹ́ ẹ tó sanwó ọkọ̀. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kẹ́ ẹ gba yẹ́lò káàdì yín. Ó gbọ́dọ̀ tó ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí ìwé yẹn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó ń ta ìwé láìgún yín lábẹ́rẹ́, ẹ̀wọ̀n àti àìsàn ló ń tà fún yín papọ̀.

Ìgbà tẹ́ ẹ lọ náà ṣe pàtàkì. Láti oṣù kẹfà sí ìkẹwàá, ojú ọjọ́ dára, àwọn ará Yúróòpù á ti ya débẹ̀, owó yàrá á fò sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà Kérésì. Oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ni òjò ńlá tí wọ́n ń pè ní masika, yàrá máa ń dínwó nígbà yẹn, ṣùgbọ́n òjò lè ká yín mọ́lé, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kan tiẹ̀ máa ń tìlẹ̀kùn. Èmi, oṣù kọkànlá ni mo máa mú. Òjò kékeré wà nígbà náà, á rọ̀, á dá. Ṣé òjò ṣàjèjì sí ọmọ Ìbàdàn ni?

Ẹ wá gbọ́ ohun tí fídíò kì í fi hàn yín. Nungwi àti Kendwa lókè àríwá, omi ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ fà sẹ́yìn, ibẹ̀ làwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńláńlá pọ̀ sí. Paje àti Jambiani lápá gúúsù ìlà-oòrùn láwọn ilé àlejò kéékèèké tí owó wọn rọjú. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ibẹ̀ máa ń fà sẹ́yìn, á lọ jìnnà débi pé ẹ máa fẹsẹ̀ rìn dáadáa kẹ́ ẹ tó rí omi tó bo orúnkún. Ẹni tó ti san gbogbo owó ẹ̀ torí omi búlúù, tó jí tó rí iyanrìn gbalasa! Tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ṣáájú, ẹ máa wo wákàtí omi lórí fóònù, ẹ ò sì ní bínú. Ìgbà tí omi bá fà yẹn gan-an lẹ máa rí àwọn obìnrin àdúgbò tí wọ́n ń gbin ewé òkun sára okùn nínú omi, iṣẹ́ oòjọ́ wọn ni. Lójú tèmi, ìyẹn dùn ún wò ju jangirọ́fà lọ.

Ẹ fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ fún Stone Town. UNESCO ti kọ ìlú àtijọ́ yìí mọ́ àwọn ibi àjogúnbá ayé láti 2000, ẹnikẹ́ni ò sì ní gbowó lọ́wọ́ yín láti rìn nínú àwọn ọ̀nà tóóró ẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń ta oúnjẹ ní ọgbà Forodhani. Ẹ béèrè iye kí wọ́n tó gbé e sórí iná, kẹ́ ẹ sì ná an bí ẹni wà ní Bódìjà, torí iye tí wọ́n máa kọ́kọ́ pè fún àlejò kì í ṣe iye ẹ̀. Dala-dala ni danfó tiwọn, ó ń lọ dé Paje àti Jambiani, owó pọ́ọ́kú tòótọ́ nìyẹn. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ bo èjìká àti orúnkún nígboro. Tó bá bọ́ sí àwẹ̀ Ramadan, ẹ má retí oúnjẹ kiri ìta lọ́sàn-án.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ń fi àwọn tó lọ sí Àgbádárìgì ṣẹlẹ́yà, ó kù sọ́wọ́ yín. Ẹni tó ní erékùṣù, igi àgbọn àti òkun lòun ń wá, Gberefu nìyẹn. Ẹ máa wọ ọkọ̀ ojú omi láti Àgbádárìgì sọdá ọ̀sà, ẹ fẹsẹ̀ rin iyanrìn títí dé Òkun Àtìláńtíìkì, lójú ọ̀nà kan náà tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà. Stone Town ní ọjà ẹrú tirẹ̀ tí wọ́n tì pa ní 1873, kàtídírà Áńgílíkà ló wà níbẹ̀ báyìí, àwọn èèyàn wa ń sanwó lọ ya fọ́tò níbẹ̀, tiwọn tó wà nílé, wọn ò tíì wò ó. Kìkì pé òkun Gberefu ní agbára, ẹ dúró létí ẹ̀. Kò sí físà, kò sí dọ́là, ẹ lè lọ láàárọ̀ kẹ́ ẹ dé lálẹ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ sára fídíò. Ẹ kọ iye tí dọ́là jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ bóyá tíkẹ́ẹ̀tì wà nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ èjẹ́ńtì ló gbé yín lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ sọ ìyẹn náà, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti san àkọ́san fún ẹnikẹ́ni, ẹ fi rísíìtì yín sábẹ́ ibí, ẹ bo orúkọ àti nọ́ńbà, kẹ́ ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ pé ó wà nínú owó yẹn àti ohun tẹ́ ẹ padà bá. Mo máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.