Ilé La Ti Ń Kẹ́ṣọ̀ọ́ Ròde: Ìmọ́tótó Ẹni Tó Ń Lọ fún Íntáfíù

 

Ọ̀rọ̀ tó ń jẹ àwọn ọmọ wa lọ́kàn la fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú abala ìlera àti ìmọ́tótó lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ náà ni bí ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́ ṣe máa wọ yàrá tí wọ́n ti fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, tí ojú àwọn tó jókòó níbẹ̀ á sì gbà á. Ẹlòmíràn lè bi wá pé kí ló kan abala ìlera nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ó kàn án gan-an ni. Kí wọ́n tó ka ìwé-ẹ̀rí rẹ, wọ́n ti rí ọ. Kí o tó dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo, òórùn ara rẹ àti ti ẹnu rẹ ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀.

Ní agbègbè wa yìí, láti Ìgbàyè dé Òkukù, Ìnísà àti Ìkìrun, ilé tí kò ní ọmọ tó jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí kò tíì ríṣẹ́ kò pọ̀. Yunifásítì ìpínlẹ̀ wa ní ọgbà kan ní Òkukù, pólì wà ní Ìrèé, àwọn mìíràn sì ń lọ kàwé ní Ọ̀fà. Bàbá ta kòkó, ìyá ta èlùbọ́, wọ́n dá èsúsú, kí ọmọ lè kàwé yanjú. Nígbà tí ìpè fún íntáfíù bá wá dé, gbogbo ilé á yọ̀, owó á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: owó ọkọ̀, owó bàtà tuntun, owó sàráà. A kò sọ pé sàráà àti àdúà kò dára. Ṣùgbọ́n gbígbára lé Ọlọ́hun kò ní ká má so ràkúnmí wa mọ́lẹ̀. Èrò wa ni pé ohun tó máa ń kọ́kọ́ báni sọ̀rọ̀ nínú yàrá íntáfíù kò náni lówó púpọ̀, kì í sì í ṣe òwúrọ̀ ọjọ́ náà la ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìmọ́tótó ni, ilé la sì ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu, nítorí ẹnu la fi ń dáhùn ìbéèrè. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń rùn kì í sábà mọ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ ló mọ̀, ojú sì ń tì wọ́n láti sọ fún un. Lọ́pọ̀ ìgbà, orí ahọ́n, àárín eyín àti erìgì tó ti wú ni òórùn náà ti ń wá. Ẹnu gbígbẹ náà wà níbẹ̀, nítorí itọ́ ló ń fọ ẹnu mọ́. Ẹni tí kò mu omi tó, itọ́ rẹ̀ á gbẹ, òórùn á sì pọ̀ sí i. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, láàárọ̀ àti kí ẹ tó sùn, kí ó tó ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ sì fọ orí ahọ́n. Pákò kò di ohun àtijọ́. Ànọ́bì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ìnira tó lè kó bá àwọn èèyàn ni kò jẹ́ kó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ìrun. Orín àtà tí ẹ bá rún lẹ́nu dáadáa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò dé ibi gbogbo tí búrọ́ọ̀ṣì ń dé, torí náà ẹ jẹ́ kí méjèèjì jọ máa ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lára erìgì, tàbí tí òórùn kò lọ lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ lọ rí dókítà eyín. Minti tí ẹ bá jù sẹ́nu lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kò lè bo eyín tó ti jẹrà.

A sì mọ̀ pé Ànọ́bì ní kí ẹni tó bá jẹ aáyù tàbí àlùbọ́sà tútù jìnnà sí mọ́sálásí títí òórùn rẹ̀ á fi lọ, kó má baà ni àwọn olùjọ́sìn lára. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún mọ́sálásí tó ní fèrèsé lọ́tùn-ún lósì, yàrá kékeré tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí ẹ̀rọ amúlétutù ńkọ́?

Ó kan ara. Òógùn tó ń jáde lára kò ní òórùn tó bẹ́ẹ̀; àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń jẹ ẹ́ lábẹ́ abíyá àti láàárín itan, òórùn á sì bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí lọ́fínńdà kò fi lè wo òórùn ara sàn. Bí a bá da lọ́fínńdà lé òógùn àná, òórùn méjì la kó wọ yàrá. Lọ́fínńdà tó lágbára tún lè mú kí ìmí dí ẹni tí èémí rẹ̀ kì í dán. Ẹ fi kànìnkànìn àti ọṣẹ wẹ̀, ẹ nu abíyá gbẹ kí ẹ tó wọṣọ, kí ẹ sì máa pààrọ̀ àwọ̀tẹ́lẹ̀, singílẹ́ẹ̀tì àti ìbọ̀sẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tí kò lágbára àtira ohun ìpara abíyá lè lo álọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tà lọ́jà. Irun abíyá àti èékánná kò gbọdọ̀ gùn; nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn wa, wọn kò gbà kí ó ju ogójì ọjọ́ lọ láìgé wọn. Ẹni tó na ọwọ́ ìwé-ẹ̀rí síwájú ọ̀gá, tí ìdọ̀tí wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ọwọ́ yẹn ni ọ̀gá máa rí kó tó rí ìwé.

Ní ti aṣọ, ẹnikẹ́ni má ṣe torí aṣọ jẹ gbèsè. Òkìrìká tí a fọ̀, tí a sá gbẹ nínú oòrùn, tí a sì fi ayọ́ọ̀nù tẹ̀ dáadáa, ó sàn ju aṣọ olówó iyebíye tó rún lọ. Fífọ òkìrìká kí a tó wọ̀ ọ́ kì í ṣe ti ẹwà nìkan. A kò mọ irú èèkù tó wà lára ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Alẹ́ tó ṣáájú ni kí ẹ tẹ aṣọ, tàbí kí ẹ wá ayọ́ọ̀nù eléèédú sítòsí, nítorí iná mọ̀nàmọ́ná kò bá ẹnì kankan ṣàdéhùn. Lásìkò ọyẹ́, ẹni tó máa gun ọ̀kadà láti Ìgbàyè kó tó wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo, eruku á bò ó. Kó wọ aṣọ ìrìnàjò, kó ká aṣọ íntáfíù sínú báàgì, kó sì mú omi àti aṣọ ìnujú dání.

Oorun àti oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje ó kéré tán. Ẹni tó kàwé mọ́jú, tàbí tó wọ mọ́tò alẹ́ lọ sí Èkó tàbí Àbújá, tó sì ti ibùdókọ̀ kọjá sí ọ́fíìsì, ojú rẹ̀ á pọ́n, ọ̀rọ̀ á máa sá mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ lọ ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sùn lọ́dọ̀ ẹbí tàbí ojúlùmọ̀. Ẹ má fi inú òfìfo lọ, ẹ má sì yó ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀kọ àti àkàrà tó mọ níwọ̀n ti tó. Ẹni tó ń gba ààwẹ̀ àṣegbọrẹ lè gbà á lọ́jọ́ mìíràn. Bí ikọ́ bá ti ń bá yín jà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má fi oògùn ikọ́ bò ó nítorí íntáfíù. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti ìtọ́jú rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn ìjọba.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lọ́kàn wa wá kàn báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń gbé tramadol mì kí àyà wọn má baà já níwájú àwọn tó ń bi wọ́n léèrè. Àwọn mìíràn ń mu omi ikọ́ tó ní kódíìnì nínú, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe àti kíkó rẹ̀ wọlé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018. Àwọn mìíràn ń mu agolo ohun mímu amáradé méjì mẹ́ta ní òwúrọ̀ kan. Ẹ gbọ́: tramadol lè mú kí gìrì gbé ènìyàn ṣánlẹ̀, ó sì ń di bárakú. Ohun mímu amáradé á mú kí àyà máa lù kìkì, kí ọwọ́ sì máa gbọ̀n, ohun tí ẹ ń sá fún gan-an nìyẹn. Àwọn ọmọbìnrin kan, àti ọkùnrin pẹ̀lú, á ra ìpara abóra bí ìpè bá ti dé, wọ́n rò pé ẹni tó pupa ni wọ́n ń gbà síṣẹ́. Mẹ́kúrì tó wà nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀ máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ. Ohun tó ń mú kí àyà balẹ̀ ni kí ènìyàn ti múra sílẹ̀: kó ka nǹkan nípa ilé-iṣẹ́ náà, kó ní kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò máa bi í léèrè nílé, kó dáhùn sókè, kó sì mí kanlẹ̀ kó tó wọlé.

Àwọn obìnrin wa ń béèrè nípa híjáàbù. Èrò wa ni pé kí ẹ wọ̀ ọ́, kí ó mọ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì so ó kó dúró dáadáa tí ẹ kò fi ní máa fọwọ́ kàn án ní gbogbo ìgbà. Híjáàbù tó ti ń kan nítorí òógùn orí kò bu ọlá fún ẹ̀sìn. Ẹ rántí Firdaus Amasa, ọmọ tó kàwé òfin ní Yunifásítì Ìlọrin. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, wọn kò jẹ́ kó wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gba àwọn agbẹjọ́rò tuntun wọlé ní Àbújá, nítorí pé ó wọ híjáàbù sábẹ́ wíìgì rẹ̀. Kò bá wọn jà, kò sì bọ́ ọ. Ní oṣù Keje ọdún 2018, wọ́n gbà á wọlé pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀. Abala 38 àti 42 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 fún gbogbo wa ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ẹ̀sìn wa, kí wọ́n má sì torí rẹ̀ yà wá sọ́tọ̀. Ẹni tí kò fẹ́ bọ ẹlòmíràn tí kì í ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin bíi tirẹ̀ lọ́wọ́, kó gbé ọwọ́ lé àyà, kó tẹrí ba díẹ̀, kó rẹ́rìn-ín, kó sì kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ojú dídì àti ìdákẹ́ ló máa ń dà bí ìgbéraga.

Àwọn kan á sọ pé gbogbo èyí kò wúlò, pé ẹni tó mọ èèyàn nìkan ló ń ríṣẹ́. A kò lè jiyàn pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni wọ́n ti pín sílé. Ní èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí ọmọ mẹ́wàá ní ìwé-ẹ̀rí kan náà, ohun kékeré ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìmọ́tótó kò sì lè rọ́pò ìmọ̀. Ó kàn ń ṣínà fún ìmọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ wa kan ẹ̀yin tó ń gbani síṣẹ́ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìwọlé-wọ̀de pe àwọn ọ̀dọ́ jọ sí pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn tó fẹ́ iṣẹ́ náà ju ìlàjì mílíọ̀nù lọ, ₦1,000 sì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan san. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò tó 5,000. Ní Àbújá, Port Harcourt, Minna àti Benin, àwọn èèyàn tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ó sì lé ní ènìyàn mẹ́wàá tó kú. Kí wọ́n pe èèyàn síṣẹ́, kó wá di ìpè sí sàárè! Ẹ fún wọn ní ìjókòó, omi mímu, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ àti àkókò ìrun. Ẹ má dá ọmọ ọlọ́mọ dúró nínú oòrùn láti àárọ̀ títí di Alásárì, kí ẹ wá sọ pé ó ń rùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá dé ibi tí èrò ti ń ti ara wọn lẹ́nu géètì kan, ẹ yàgò. Ẹ̀mí ju iṣẹ́ lọ.

Ẹ̀yin lẹ́mọ́mù, ẹ̀yin olórí Àsàlátù, ẹ̀yin olùkọ́ ilé-kéwú, ẹ máa fi ọ̀rọ̀ yìí kún wàásù yín. Ẹ̀yin ìyá, ẹ fi ìfẹ́ sọ fún ọmọ yín, ní kọ̀rọ̀, bí ẹnu rẹ̀ bá ń rùn. Ó sàn kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín ju kó pàdánù iṣẹ́ láìmọ ìdí. Ẹni tó ń ṣe àlùwàlá dáadáa fún ìrun márùn-ún lójúmọ́ ti ní ìpìlẹ̀ náà lọ́wọ́. Kó fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì kún un, kó bẹ̀rẹ̀ lónìí, kí ìpè tó dé.

Kí Ọlọ́hun ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ rere fún àwọn ọmọ wa, kó má sì jẹ́ kí làálàá àwọn òbí já sí asán. Àmín.