Àyẹ̀wò Awakọ̀ Òfurufú

Ẹ̀yin ará wa ní Òkè Ọya, bàálù ni púpọ̀ nínú wa ń wọ̀ lọ sílé báyìí. Ta ni ń yẹ ẹni tí ń wà á wò?

Dókítà ń yẹ ojú, etí àti àyà rẹ̀ wò lọ́dọọdún. Ó dára. Ṣùgbọ́n a kì í dá ẹsẹ̀ aṣiwèrè mọ̀ lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Máàṣì, 2015, igbákejì awakọ̀ bàálù Germanwings kan tilẹ̀kùn mọ́ ọ̀gá rẹ̀ síta, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi bàálù kọ lu òkè ní ilẹ̀ Faransé. Ènìyàn 150 ni ó kú, òun náà pẹ̀lú. Dókítà ti kọ̀wé fún un pé kí ó má lọ síbi iṣẹ́. Ó fi ìwé náà pamọ́.

Láti 2021, òfin Yúróòpù ní kí a yẹ ọpọlọ awakọ̀ wò kí a tó gbà á síṣẹ́. Lójú tiwa, èyí nìkan kò tó. Bí ẹni tí ó jẹ́wọ́ àìsàn bá pàdánù oúnjẹ rẹ̀, ta ni yóò jẹ́wọ́? Kí ilé iṣẹ́ fún un ní ìsinmi àti owó títí ara rẹ̀ yóò fi yá.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Zaria, ẹ sọ fún wọn pé àárẹ̀ ọkàn kì í ṣe ẹ̀sín.