Ará Akwa Ibom Tó ń Kọ́ Ọmọ Mi ní Yorùbá



Ní alẹ́ Sátidé kan, mo ń dirun fún ọmọbìnrin mi, mo sì ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Ó ní, "Mummy, ta ló ni orin yẹn?"

Mo ní Christy Essien-Igbokwe ni. "Ṣeun Rere" ni orin náà, ó jáde ní 1981. Kò gbọ́ orúkọ yẹn rí.

"Ìlú wo ló ti wá nílẹ̀ Yorùbá?"

Mo rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe Yorùbá rárá. Ọmọ Ibibio ni, láti Akwa Ibom. Wọ́n bí i ní 1960. Ó kọrin ní Ibibio, Efik, Igbo, Hausa, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni Akpenor, ìyàwó Jegede, nínú eré The New Masquerade lórí tẹlifíṣàn. Òun náà sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ààrẹ PMAN, ẹgbẹ́ àwọn olórin Nàìjíríà. Ó kú ní 2011, ní ẹni àádọ́ta ọdún.

Ọmọ mi dákẹ́, ó wá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé kí ló dé tí òun kò gbọ́ Yorùbá nígbà tí obìnrin yìí gbọ́ ọ.

Ẹnu mi wọhò. Èmi àti bàbá rẹ̀ la pinnu pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan la ó máa sọ sí i, kó má baà rẹ̀yìn níléèwé. Bí ìyá mi bá pè láti ilé, á kí i tán, á sì gbé fóònù fún mi. Lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo ti rí àgbàlagbà tí àrùn ìgbàgbé gba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu rẹ̀, tó jẹ́ èdè ìyá rẹ̀ nìkan ló kù. Bó bá kàn mí lọ́la, ta ni yóò gbọ́ mi nínú ilé?

Òwe 1:8 ní kí ọmọ gbọ́ ẹ̀kọ́ òbí rẹ̀. Àwa òbí ló yẹ kó kọ́kọ́ fún un ní etí tí yóò fi gbọ́.

Ní báyìí, ìlà orin kan là ń gbọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá yé e, á pe ìyá àgbà láti béèrè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Fóònù kò padà dé ọwọ́ mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bi òbí yín léèrè orin tí wọ́n gbọ́ dàgbà. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi Gẹ̀ẹ́sì dá wọn lóhùn.