Kí Ọyẹ́ Tó Dé

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa ní Ìgànmú, púpọ̀ nínú wa ló ní ewúrẹ́ àti adìẹ lọ́wọ́ ìyá tàbí àbúrò nílé. Owó tí a fi pamọ́ nìyẹn. Ní 1983, nígbà ọ̀dá, iná igbó jó oko kòkó rẹpẹtẹ ní Gánà.

Níléeṣẹ́, à ń bèèrè ọ̀nà àbáyọ kí iná tó ṣẹ́. Ẹran wa ńkọ́? Ẹ ránṣẹ́ sílé: kí wọ́n ro àyíká ọgbà ẹran, kí okùn àti àgò adìẹ wà nítòsí, kí aládùúgbò jọ mọ ibi tí wọn yóò kó ẹran lọ. Bí iná bá ká wọn mọ́, kí wọ́n tú ẹran sílẹ̀, kí wọ́n sá. Ẹ̀mí ènìyàn ló ṣáájú.