Ta Ni Yóò Tún Serveur Náà Ṣe Bí Ẹ Bá Ti Lọ?



Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo bá wá lónìí, ẹ má bínú. Àwọn àbúrò wa tó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Lomé fẹ́ bá wa yá serveur kan tí a ó máa kó ohùn àwọn àgbà wa sí: àlọ́, oríkì, ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú dó. Serveur ni kọ̀ǹpútà tí kì í sùn, tó ń dá fóònù àti kọ̀ǹpútà yòókù lóhùn tọ̀sán tòru. Iṣẹ́ rere ni, mo kí wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní FreeBSD ni àwọn yóò fi darí rẹ̀, pé Linux ti di ti gbogbo ayé. Mo ní rárá. Mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba, torí ohùn bàbá yín àti ìyá yín ló máa wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn. FreeBSD kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ. Ara Unix tí wọ́n tún ṣe ní Yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà ló ti jáde, nígbà tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ Linux tirẹ̀ ní Finland ní 1991. WhatsApp tí gbogbo wa ń lò, orí FreeBSD ló ti dàgbà. Ní 2012, serveur kan ṣoṣo wọn ń gba èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Jail, ìyẹn yàrá tí wọ́n ń pín kọ̀ǹpútà kan sí kí ará ibí má baà yọ ará ọ̀hún lẹ́nu, FreeBSD ti ní i láti 2000. Docker tí àwọn onílinux fi ń yangàn, 2013 ló dé. OpenSSH tí àwọn onílinux fi ń ṣílẹ̀kùn serveur wọn, ọ̀dọ̀ àwọn OpenBSD ló ti wá. Mo mọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Facebook ra WhatsApp ní 2014, tó sì kó o wọ ilé serveur tirẹ̀, Linux ni wọ́n gbé e sí nígbẹ̀yìn. Kì í ṣe pé èyí àkọ́kọ́ bàjẹ́. Ibi tí ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ sí ni wọ́n gbé e lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an nìyí. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá wa to kọ̀ǹpútà kan sí yàrá kan, FreeBSD ló fi sí i, dísìkì rẹ̀ sì jẹ́ ti ZFS. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó rí iṣẹ́ sí Libreville, ó lọ. Kò ṣẹ̀ wá. Lọ́jọ́ kan iná lọ, ó dé pẹ̀lú agbára, kọ̀ǹpútà náà sì jó. Mo yọ dísìkì, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnkọ̀ǹpútàṣe kan ní Sokodé. Ó fi í sí Windows, Windows ní òun kò mọ ohun tó wà níbẹ̀, ṣé kí òun nù ún kúrò? Ìka ọkùnrin náà ti wà lórí bọ́tìnì! Igbe tí mo ké, àwọn tó ń ta búrẹ́dì níta yà wò mí.

Ẹ ó sọ pé dísìkì Linux náà, Windows kì í rí i. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́fà, kò sí ẹni tó ti fọwọ́ kan FreeBSD rí. Oṣù mẹ́rin ni ohùn àwọn àgbà wa fi wà nínú àpò ọ̀rá nínú àpótí mi. Méjì nínú àwọn tí a gba ohùn wọn ti kú. Ta wá ló ṣí i? Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá sinmi láti Lomé, pẹ̀lú Ubuntu, Linux ni, lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ kan. Ubuntu náà mọ ZFS.

Ẹni tó ń gun alùpùpù ní Tchamba mọ ohun tí mò ń sọ. Kí ló dé tí Haojue fi kún ojú ọ̀nà wa? Ṣé òun ló dára jù láyé ni? Bó bá kú sọ́nà, mẹkaníìkì abẹ́ igi yóò tún un ṣe kí oòrùn tó wọ̀, ni wọ́n ṣe ń rà á.

Wọ́n ní ohun tó pọ̀ náà lè já ni kulẹ̀, wọ́n sì mú CentOS wá ṣe ẹ̀rí. Ní oṣù Kejìlá 2020, Red Hat kéde pé CentOS 8, tí wọ́n ti ṣèlérí ìtọ́jú rẹ̀ títí di 2029, yóò parí ní òpin 2021. Ìwà tí kò dára ni. Ṣùgbọ́n kí 2021 tó dé ìdajì, AlmaLinux àti Rocky Linux ti jáde láti rọ́pò rẹ̀. Ẹ wá wo Joyent tó ń ya serveur lórí SmartOS, ọmọ Solaris. Nígbà tó ti ilẹ̀kùn cloud rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní 2019, ibo ni àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò ti rí ilé mìíràn tó jọ ọ́?

Ọ̀rọ̀ kan ló gún mi lọ́kàn. Ọ̀kan nínú wọn ní: “Maître, ẹ̀yin náà lẹ ń sọ pé kí a má torí pé Faransé pọ̀ ju èdè wa lọ fi èdè wa sílẹ̀. Kí ló dé tí ẹ fi ní kí a torí pé Linux pọ̀ gbà á?” N kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn. Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́ olùkọ́, mo mọ bí ó ṣe ń dun ni. Ṣùgbọ́n àbúrò, èdè wa ní onílé ní Kambolé. Ọmọ ọdún márùn-ún ń fi kọ́ ọmọ ọdún méjì. Bí mo bá kú lọ́la, kò ní dákẹ́. FreeBSD ní ẹnì kan ṣoṣo láàárín wa, ẹni náà sì wà ní Libreville. Èdè ni a fẹ́ tọ́jú. Ẹ má fi í sínú àpótí tí ẹnì kan ṣoṣo ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

N kò ti ilẹ̀kùn o. Ìsinmi ńlá ń bọ̀. Ẹ wá sí Kambolé, ẹ mú ọmọ mẹ́ta láti inú kíláàsì mi, ẹ kọ́ wọn ní FreeBSD. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí Lomé, kí ẹ pa fóònù yín. Èmi yóò yọ dísìkì kan nínú kọ̀ǹpútà náà. Bí àwọn ọmọ náà bá dá ohùn padà fún mi láàárín ọjọ́ kan láìpe ẹnikẹ́ni, èmi ni n ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Mo ti rí yàrá, mo ti rí dísìkì. Ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ ló kù kí ẹ sọ fún mi.