Ta Ló Ní Kí Wọ́n Fọ Àyìnlá?

Àwọn kan láàrin wa ní Ketu ń ráhùn pé fíìmù Àyìnlá tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 2021 ba olóògbé lórúkọ jẹ́. Nítorí ìjà àti obìnrin! Ẹ gbọ́ ná, inú ilé ọtí l'Abẹ́òkúta ni wọ́n ti la ife bíà mọ́ Àyìnlá Ọmọwúrà lórí ní 1980, tó fi kú. Ṣé kí fíìmù wá parọ́ pé ibà ló pa á ni? Orin ni Kèlání fi sọ̀tàn, kò wàásù. Ẹni tó bá ń wá ìwàásù, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ò wọ́n láti Ketu dé Mile 12. Ìgbésí ayé gbígbóná yẹn náà ló bí àpàlà tí ẹ̀ ń jó sí. Ẹ̀yin akéwì ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká kọ òkú bó ṣe rí. Ẹni tó bá fi irọ́ kùn ún, ó tún un pa nìyẹn.